Ẹni Tó Ń Kí Mi Nínú Fáìlì

Mi ò fẹ́ràn ìkíni. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í sọ irú rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà sí irú ilé tí mo dàgbà sí yóò gbà mí gbọ́. Ìlọrin ni bàbá bàbá bàbá mi ti bá òwò wá, ó jókòó sí Lọ́kọ́ja àtijọ́ nítòsí odò Ọya, kò sì padà mọ́. Nígbà tí wọn ó fi bí mi, agboolé náà ti kún débi pé kí n tó dé ilé ìtọ̀ ní òwúrọ̀, mo ti kúnlẹ̀ fún ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Ẹni tí mo bá fò di ẹjọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà kan wà tó máa ń gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà gan-an, tí yóò máa wò wá bí a ṣe ń kọjá, tí yóò sì máa fi ìka kà wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kì í bi ènìyàn bóyá ó jí dáadáa. O tẹ ohun tó o fẹ́, ó ṣe é, kálukú ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọ́fíìsì ìjọba kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ là ń kọ sílẹ̀ níbẹ̀: ta ló ń dáko níbo, kí ló gbìn, kí ló bàjẹ́. A jẹ́ mẹ́fà, ìsàlẹ̀ ilé alájà kan lẹ́yìn Old Market la sì wà. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Núpé, ohùn rẹ̀ tutù, kì í fẹ́ wàhálà. Ní ọdún tí omi dé, ó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Àbújá. Nǹkan mẹ́ta ló mú bọ̀: báàgì kan, ife kan tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, àti àṣẹ pé a ò gbọdọ̀ pa ìwé kankan mọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mọ́. Èmi ló ní kí n ṣètò rẹ̀, nítorí èmi nìkan ni kì í bẹ̀rù kọ̀ǹpútà.

Ètò náà kò le. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní òkè òkun tó ń yá ènìyàn ní ààyè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kíláòdù ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe àwọn tó ṣe ètò ìtẹ̀wé tí à ń lò ló ni ín, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti bára wọn ṣàdéhùn. Tó o bá kọ̀wé tán, tó o tẹ séèfù, o lè yan ilé ẹni kẹta yẹn, ìwé náà á sì lọ síbẹ̀ tààrà láìkọ́kọ́ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà tìrẹ. Ẹlòmíràn lè ṣí i láti ibikíbi tó bá wà, kó kọ tirẹ̀ kún un. Mo kọ́ àwọn mẹ́rin tó kù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kọ́ Màmá.

Màmá ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì. Ọmọ Oworo ni, láti abúlé kan lórí òkè lẹ́yìn Lọ́kọ́ja, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó kù oṣù mélòó kan kó fẹ̀yìn tì. Kò bẹ̀rù kíláòdù bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n kò fẹ́ tẹ ohunkóhun títí tí mo fi dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

"Ta ló ni ilé tí à ń kó ìwé wa lọ sí yìí?"

Mo ní òyìnbó kan ni.

"Ṣé ó mọ̀ pé a wà níbẹ̀?"

Mo ní ó mọ̀.

"Ṣé àwa nìkan la wà níbẹ̀?"

Mo ní gbogbo ayé ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá kálukú wà lọ́tọ̀.

Ó mi orí. "Bí agboolé yín nìyẹn," ó wí, ó sì tẹ séèfù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo sọ fún un tí ì bá dára kí n má sọ. Nígbà tí ènìyàn méjì bá ṣí ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, àmì róbótó kékeré kan máa ń yọ lókè, pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹnì kejì. Mo fi àmì náà hàn án. Mo ní tó bá ti rí i, kó mọ̀ pé èmi wà nínú ìwé náà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó dára, òun ti gbọ́.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni omi dé. Gbogbo ọdún ni omi máa ń dé sí Lọ́kọ́ja, a mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àna, ṣùgbọ́n ti ọdún yẹn kò dúró níbi tó máa ń dúró sí. Ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò kọjá níbi tí kẹ̀kẹ́ ti máa ń pe èrò. Omi wọ ọ́fíìsì wa, ó kọjá àga, ó kọjá tábìlì. Kábínẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n fi dá wa lójú nígbà tí wọ́n rà á pé iná ò lè jó, omi wọ inú rẹ̀ láìjà láìta. Rẹ́jísítà tí à ń buwọ́ lù láràárọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí kálukú máa ṣiṣẹ́ láti ibi tó bá wà. Iṣẹ́ náà kò ju ìwé kan lọ, ìròyìn nípa àwọn oko tí omi bàjẹ́, kí gbogbo wa jọ máa kọ ọ́ nínú kíláòdù. Èmi wà ní Gadumo, ní apá òkè tí omi kì í dé, nínú yàrá méjì tí èmi àti ọmọbìnrin mi ń gbé. Ilé tí Màmá yá rì dé fèrèsé, nítorí náà ó gba abúlé rẹ̀ lọ. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú abúlé náà, ṣùgbọ́n àpáta kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí fóònù máa ń mú lórí rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gun àpáta yìí. Àwọn àgbẹ̀ àyíká, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí, á tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ láti ka ohun tí omi gbà lọ́wọ́ wọn, òun á sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo ṣí ìwé náà ní aago mẹ́jọ, mo lọ po tíì, mo sì padà síbẹ̀. Lókè pátápátá, lókè àkọlé ìjọba, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: "Òkun o. Ẹ ńlẹ́ nínú ilé o. Mo ti wọlé." Oko mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, kò sí àṣìṣe kan nínú wọn. "Òkun o" ni àwọn ará Oworo fi ń kíni, nítorí náà mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo pa ìkíni náà rẹ́, mo sì pe Màmá lórí fóònù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìjọba nìyí. Ẹ má kọ ìkíni sínú rẹ̀ mọ́."

"Mo rí àmì rẹ níbẹ̀," ó wí. "Ṣé kí n wọlé bá ọ kí n má kí ọ ni? Ṣé a jà ni?"

Mo gé fóònù, inú ń bí mi. Mo ti sá kúrò ní agboolé, mo ti yá yàrá méjì sí Gadumo, mo ti ti ilẹ̀kùn, ìkíni sì gba inú kíláòdù wọlé tọ̀ mí wá.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún kí mi. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọ̀gá òkè béèrè ohun tí a ti kọ jọ, kíákíá. Mo fi ránṣẹ́ láìtún un kà. Láàárín oko ẹ̀gẹ́ kan tó rì àti oko ìrẹsì kan tó ṣàn lọ, "Ẹ kú òtútù o" jókòó síbẹ̀. Wọ́n dá lẹ́tà padà pé àwọn ti rí ìròyìn wa gbà, àwọn sì dúpẹ́ fún ìkíni. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Màmá sùn. Àwọn ìkíni tí mo ti pa rẹ́ látẹ̀yìn, mo lọ hú wọn jáde, mo ya àwòrán wọn. Ti ọjọ́ tuntun, mo ń yà á kí n tó pa á rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí Wáàsáàpù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: ọ̀gá, ẹ wo ohun tí Màmá tún kọ sínú ìwé ìjọba. Ọ̀gá á fi àmì àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo gba àtàǹpàkò kejìlá tí Màmá ṣì ń kí mi, mo rí i pé ìyẹn ò ràn, mo jáwọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn ń pa á rẹ́ ni. Mo máa ń mu tíì tán ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tó bá fi máa kọjá ogún ìṣẹ́jú mo ti gé ìkíni náà dànù. N óò wá kó àwọn oko tó kọ bọ́ sínú ìwé mìíràn tó mọ́ tónítóní, èyí tí à ń fi ránṣẹ́ sókè. Orúkọ mi nìkan ló wà lórí ìwé mímọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é. Mi ò gbèrò ibi, mi ò tilẹ̀ rò ó rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Omi fà, a padà sí ọ́fíìsì. Ẹrẹ̀ wà lára ògiri títí dé ibi tí kàlẹ́ńdà wà. Wọ́n ti gbé igbákejì ọ̀gá tuntun kan wá bá wa láti ìlú mìíràn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba tirẹ̀, tó sì máa ń gbé e lọ sí ilé oúnjẹ. Ó béèrè rẹ́jísítà. A gbé e fún un. Ó ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan. Ó béèrè ẹni tó kúrò nílùú nígbà omi. Ẹnì kan, mi ò mọ ẹni náà dòní, sọ fún un pé wọ́n rí Màmá ní abúlé rẹ̀ tó ru iṣu.

Òótọ́ ni pé ó ru iṣu. Kúẹ́rì dé bá a kí a tó pé ọ̀sẹ̀ méjì: ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lọ dáko, kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní lé e. Bí wọ́n bá lé e báyìí, ọdún tó lé lọ́gbọ̀n náà á dà bí ẹni pé kò wá sí ibi iṣẹ́ rí. Ọ̀gá wa kò lè gbèjà rẹ̀. Ilé ìyàwó rẹ̀ ní Àbújá lòun alára wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹni tó wà nílùú.

Màmá mú kúẹ́rì náà wá sídìí tábìlì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò sunkún. Ó jókòó, ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi.

"Wọ́n ní n ò wá síṣẹ́," ó wí. "Ìwọ lo mọ̀ pé mo wá. Mo kí ọ lójoojúmọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Àwọn ìkíni náà dà? Mo wá wọn láti fi hàn án, n ò rí ọ̀kankan. Ṣé bí o bá ti kà á tán ló máa ń lọ?"

Mo fa kúẹ́rì náà sọ́dọ̀, mo ń kà á.

"Bí mo ṣe rò ó nìyẹn," ó wí. "Bí mo bá ti rí i pé ó ti lọ, n óò sọ fún ara mi pé ó ti jí, ara rẹ̀ le. Nígbà náà ni mo tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta."

Mo ti ṣe ohun tí kò dára rí láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tí mo ṣe é fún, tí onítọ̀hún sì ń fi í yìn mí. Ojú tì mí débi pé mo ṣí kọ̀ǹpútà kí n lè rí ibi gbójú sí.

Kíláòdù kì í tètè gbàgbé. Ohun tó o bá pa rẹ́, irú ààyè tí a yá yìí máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, pẹ̀lú aago, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti orúkọ ẹni tó pa á rẹ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ó lọ nìyẹn. Mo wọ inú ẹ̀dà àtijọ́ ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo ti pa rẹ́. "Ẹ kú òjò o. Ó ń rọ̀ níbí, mo fi ọ̀rá bo fóònù." "Òkun o. Ṣé ara ọmọ rẹ ti balẹ̀? Má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́." Ọmọ mi ṣe ibà lọ́sẹ̀ náà lóòótọ́, mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá lórí Wáàsáàpù ọ́fíìsì nígbà tí mo ń tọrọ àyè. Ìkíni ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló kù. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, yóò ku mẹ́tàlá.

Bátìrì ni kọ̀ǹpútà mi ń lò, kò sí iná fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì, nítorí náà mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ní Old Market kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkùnrin tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ń wo àwọn ojú ìwé náà bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: ìkíni kan, aago kan, orúkọ Màmá, orúkọ mi.

"Madam, who be this person wey dey greet you like this?" ó wí. "And na you dey wipe am?"

Mo ní kó bá mi dì wọ́n pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́. Mẹ́rìnlá wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ibi tí méjìlá mìíràn wà kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Wọ́n wà nínú fóònù mi, àwòrán méjìlá, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ẹjọ́ Màmá tí mo sùn sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí mo ṣe lè fi ọ̀kan hàn kí n má fi ìkejì hàn. Mo rìn dé etí omi, mo dúró, ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá dákẹ́, ìdajì ọjọ́ rẹ̀ ò ní ẹlẹ́rìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Màmá yóò mọ irú ènìyàn tí òun ń gun àpáta lọ kí. Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ọkùnrin náà tẹ méjìlá sí i.

Ènìyàn mẹ́ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Alága wọn jẹ́ ọmọ Ígálà, àgbàlagbà kan tó ń gbé awò rẹ̀ síwájú orí. Kò gbọ́ Yorùbá, àwọn méjì tó kù náà kò gbọ́ ọ tó. Wọ́n ní kí èmi tí mo mú ìwé wá máa túmọ̀ rẹ̀. Màmá jókòó sí apá òsì mi, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo túmọ̀. Mo sọ ní èdè òyìnbó pé ó ní òun ti wọlé. Mo sọ pé ó ní ẹ kú òjò. Mo sọ pé ó béèrè ara ọmọ mi. Akọ̀wé wọn ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a dé ìkíni kẹfà, alága dá mi dúró.

"And you, wetin you answer?"

"Nothing, sir."

"Then wetin you do?"

"I delete am, sir."

"Every day?"

"Every day, sir. Eight-twenty."

Ó wo igbákejì ọ̀gá wa, ó wo Màmá, ó ní kí n máa bá a lọ. A wá dé orí àwọn méjìlá. Mo ka ìkíni, wọ́n sì ní kí n ka ohun tí mo kọ sí abẹ́ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejìlá, ọ̀rọ̀ kan náà. Mi ò lè wo apá òsì.

Alága ka ojú ìwé náà, ó ní ọjọ́ mẹ́rin kò sí. Mo ṣàlàyé pé ọjọ́ mẹ́rin náà bọ́ sí àárín ìgbà tí mo jáwọ́ nínú ẹjọ́ sísùn àti ìgbà tí kíláòdù ṣì rántí. Mo ní mo lè búra pé ó kí mi, nítorí mo pa á rẹ́. Ó ní kí ló sọ ní ọjọ́ mẹ́rin náà. Mo ronú. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ kan. Ní àkókò yẹn mi ò kà á mọ́, mo kàn ń wá ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ni.

Alága bi Màmá bóyá ó rántí. Ó dáhùn ní Yorùbá, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

"Ọjọ́ kejì nínú mẹ́rin náà, mo kọ ọ́ pé àbúrò mi ọkùnrin kú lóru, aago mẹ́wàá la máa sin ín, mo kọ́kọ́ wá kó oko márùn-ún tó kù sílẹ̀ ni, kí ìwọ má bàa dúró dè mí."

Mo ní láti sọ ọ́ ní èdè òyìnbó. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde. Alága ní kí wọ́n wo ìwé mímọ́ náà, ìyẹn èyí tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Oko márùn-ún wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, ti abúlé rẹ̀, kò sí àṣìṣe kan nínú wọn.

Èsì jáde ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n dá Màmá láre. Wọ́n kọ ọ́ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, gẹ́gẹ́ bí ìparẹ́ ìkíni rẹ̀ lójoojúmọ́ ti fi hàn. Igbákejì ọ̀gá gba ẹ̀dà kan, ó fi sínú ìwé òfin rẹ̀. Ọ̀gá wa fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí gbogbo wa.

Mo bá Màmá níta, níbi tí ó ti ń dúró de kẹ̀kẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúnlẹ̀ kẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni láìsí pé wọ́n ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà," mo wí. "Ẹ má bínú."

"Ó ti lé lóṣù kan," ó wí. "Ṣùgbọ́n ó dé." Kò ní kí n dìde. "Ẹ̀ẹ̀mejìlá lo fi mí sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dára tí o ò fẹ́ràn mi. Bí o bá fẹ́ràn mi ni, wọn ì bá ti lé mi." Kẹ̀kẹ́ dé, ó wọlé, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe lórí ìjókòó. "Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí."

Ó bá wa ṣe oṣù tó kù láìkù ọjọ́ kan. A kì í kíra wa ju bí ọ́fíìsì ṣe ń kíra lọ. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, a jẹ ìrẹsì, ọ̀gá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Màmá sì padà sí abúlé rẹ̀. Òfin ni pé kí n yọ orúkọ ẹni tó bá fẹ̀yìn tì kúrò nínú kíláòdù lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò tíì ráyè.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Mo ṣí ìwé òfìfo kan, kì í ṣe ti ìjọba, mo séèfù rẹ̀ tààrà sí ibi tí òun náà lè rí i. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé: "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Mo ti wọlé." Mo mu tíì. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ṣì wà níbẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà níbẹ̀. Ọjọ́rú, mo ṣí i nígbà mẹ́wàá, mo ń sọ fún ara mi pé òjò ló mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé ọjọ́ orí ò jẹ́ kó lè gun àpáta mọ́, pé ó ń bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mu tíì tán, mo ṣí ìwé náà. Òfìfo ni. Mo wọ inú ẹ̀dà àtijọ́ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú géérégé. Kò kọ nǹkan kan, ó kàn pa á rẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ó ti jí, ara rẹ̀ sì le.